Ẹ Má Jẹ́ Kí Ìwé Medicaid Yín Kú

Ẹ̀yin òǹkàwé wa tí ẹ ní ọmọ tàbí àbúrò ní Amẹ́ríkà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka èyí sí wọn létí. Ní 1965 ni ìjọba ibẹ̀ dá Medicaid sílẹ̀ láti máa sanwó ìwòsàn fún àwọn tí owó wọn kò tó. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí a gbà lẹ́ẹ̀kan títí láé. Àwọn ìpínlẹ̀ a máa yẹ̀ ẹ́ wò lóòrèkóòrè bóyá ó ṣì tọ́ sí ènìyàn.

Nígbà àrùn Kòrónà, wọ́n dáwọ́ yíyọ orúkọ dúró. Láti April 2023 ni wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, ó sì ju 20 mílíọ̀nù ènìyàn tí wọ́n yọ. Ohun tí ó dunni ni pé, fún èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn, kì í ṣe pé wọ́n rí i pé owó wọn ti pọ̀ jù. Ìwé ni kò pé, tàbí tí èsì kò dé.

Àdírẹ́sì a máa fa èyí púpọ̀. Ẹni tí ó kó kúrò nílé tí kò sọ fún ọ́fíìsì, ilé àtijọ́ ni lẹ́tà rẹ̀ yóò máa lọ. Alátọ̀gbẹ lè dé ilé oògùn kí wọ́n tó sọ fún un pé káàdì rẹ̀ ti kú!

Ọ́fíìsì a kọ́kọ́ wo àkọsílẹ̀ tirẹ̀; bí kò bá tó, fọ́ọ̀mù ni wọn yóò fi ránṣẹ́. Ẹ dá a padà kí ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i tó pé, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Bí wọ́n bá ti yọ ọmọdé tàbí òbí rẹ̀ nítorí fọ́ọ̀mù tí kò dé, tí ó sì dé láàárín ọjọ́ 90, wọ́n ní láti yẹ̀ ẹ́ wò láìsí ìwé ìbéèrè tuntun.