Ohun tí a mọ̀ àti ohun tí a gbà gbọ́

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, fóònù akẹ́kọ̀ọ́ kan sọnù nínú kíláàsì mi níhìn-ín ní Ṣábẹ. Kí ọ̀sán tó pọ́n, gbogbo àwọn ọmọ ti ń sọ pé àwọn mọ ẹni tí ó jí i. Èmi náà ránṣẹ́ pe ìyá ọmọ tí wọ́n dárúkọ, mo ní mo mọ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ẹni tí ó ni fóònù rí i nílé ara rẹ̀, lábẹ́ ìrọ̀rí. Ìyá náà kò bú mi. Ó kàn ní: «Olùkọ́, ṣé ẹ fi ojú yín rí i ni?»

Ìbéèrè yìí ni ó rán mi padà sí ìwé tí Barry Hallen àti Ọ̀jọ̀gbọ́n J. Olubi Sodipo, olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, tẹ̀ jáde ní 1986, *Knowledge, Belief and Witchcraft*. Wọ́n bi àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Èkìtì léèrè ìgbà tí ó tọ́ kí ènìyàn sọ pé òun mọ nǹkan. Ìdáhùn wọn le: ohun tí ojú ẹni rí, tí ọkàn ẹni sì jẹ́rìí sí, ni ìmọ̀. Èyí tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, ìbáà jẹ́ bàbá ẹni, ìbáà jẹ́ ìwé, ìgbàgbọ́ ni: a gbà á, a gbọ́ ọ. Bí a bá dán an wò tí ó sì hàn sí wa, ìgbà náà ni ó di ìmọ̀.

Nílé ẹ̀kọ́ Faransé, ohun tí ó wà nínú ìwé ni wọ́n kọ́ wa láti pè ní «savoir». «Croire» di ti ilé ìsìn. (Àwa náà ti fi «onígbàgbọ́» sílẹ̀ fún ọmọ ìjọ nìkan.) Ṣùgbọ́n bí a bá tẹ̀lé àwọn oníṣègùn wọ̀nyí, pé ayé ń yí oòrùn ká, ìgbàgbọ́ ni lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin ọ̀dọ́, àti lọ́wọ́ èmi tí ń kọ́ yín. Pé Ifẹ̀ ni àwọn baba ńlá wa ti ṣẹ̀ wá, ìgbàgbọ́ ni pẹ̀lú. Èyí kò sọ ọ́ di irọ́. Ẹni tí ń sọ ọ́ ni kí ó fi kún un pé: báyìí ni wọ́n sọ fún mi.

Paulin Hountondji, ọmọ ilẹ̀ Benin wa tí ó kú ní 2024, ìbá jiyàn. Ó kọ̀ kí a máa kó èrò odidi ìran kan jọ, kí a sì pè é ní fílósófì. Mo gbà fún un: oníṣègùn Èkìtì kì í ṣe gbogbo Yorùbá, ẹnu tí ó yá sí «mo mọ̀» sì pọ̀ ní Ṣábẹ. Tèmi wà níbẹ̀.

Mo lọ tọrọ àforíjì nílé wọn. Ìyá náà gbé omi fún mi. Ọmọ náà kò jáde wá kí mi.