Ọyẹ́ dé, mọ́tò ń gbọ̀n: Àwọn onímọ́tò ń ra oògùn àrùn tí kò ṣe mọ́tò wọn

Bó bá ti di àsìkò ọyẹ́, orin kan náà ni wọ́n máa ń gbọ́ lójúlé dójúlé láago márùn-ún ìdájí. Kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀, mọ́tò á dákẹ́. Kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀, á jí, á gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe, á tún kú fin-ín. Ẹni tó fẹ́ tètè jáde ní Mowe tàbí Ìbàfò kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀ lójú títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, á wo aago, á wo mọ́tò, á sì máa ṣẹ́ èpè fún ẹni tó tà á fún un. Ṣùgbọ́n tí oòrùn bá ti yọ tán, mọ́tò kan náà yìí á jí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bíi pé kò sóhun tó ṣe é rí.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí mọ́tò yẹn tó dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì lọ́sàn-án, ara ẹ̀ ti yá gágá. Mẹkáníìkì ò rí àrùn kankan, ó kàn ń méfò ni. Lónìí á ní pílọ́ọ̀gì ni, lọ́la á ní pọ́ǹpù epo ni, tó bá di ọ̀túnla, ó di brain box. Onímọ́tò á máa sáré lọ sí Ládípọ̀, á máa ra páàtì, owó iléèwé ọmọ á bá a lọ, àrùn náà ò sì ní kúrò lójú kan.

Òtútù kì í dá àrùn yìí sílẹ̀ o, àṣírí ẹ̀ ló ń tú. Bí ẹńjìnnì bá tutù, bẹntiróòlù kì í tètè di oru, ara irin ni ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ ń lẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí mọ́tò fi ń fẹ́ epo tó pọ̀ díẹ̀ láàárọ̀. Àwọn mọ́tò àtijọ́ tó ń lo kàbúrétọ̀, ṣóòkù ni wọ́n ń fà fún wọn. Àwọn tó ń lo injector ò ní èyí tí wọ́n ń fà. Sẹ́ńsọ̀ kékeré kan tó wà nínú omi ẹńjìnnì ló ń sọ fún brain box pé òtútù ń mú. Yàtọ̀ síyẹn, ọ́ìlì máa ń ki sí i, agbára bátìrì náà á sì dín kù.

Ohùn mọ́tò ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fetí sí. Tó bá ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tí ò jẹun sùn, bátìrì tàbí orí ẹ̀ ni kí wọ́n wò. Bátìrì tó kún máa ń ní nǹkan bíi 12.6 volt kí wọ́n tó sitáàtì, kò sì yẹ kó wálẹ̀ ju 9.6 lọ nígbà tí ẹńjìnnì ń yí. Tí mọ́tò bá ti jí, ó yẹ kí mítà ka bíi 13.8 sí 14.5. Tí ìyẹ̀fun funfun bá bo orí bátìrì, omi gbígbóná àti búrọ́ọ̀ṣì lè parí ẹjọ́ náà láìná kọ́bọ̀.

Bó bá ń yí kíákíá àmọ́ tí kò jí, ẹ̀ṣẹ̀ bátìrì kọ́ nìyẹn, epo tàbí iná ni. Ọgbọ́n kan wà tí kò náni lówó: kí wọ́n tan kọ́kọ́rọ́ débi tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù á ti tàn, kí wọ́n dúró bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta láì sitáàtì, kí wọ́n pa á, kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Tó bá wá jí wẹ́rẹ́, a jẹ́ pé epo tó yẹ kó dúró nínú páìpù ti sá lọ lóru. Ẹnu fáàfù pọ́ǹpù tàbí injector tó ń jò ni kí wọ́n wò.

Pílọ́ọ̀gì náà máa ń sọ̀rọ̀. Èyí tó dú bí ẹ̀yìn ìkòkò ń sọ pé epo pọ̀ jù. Èyí tí epo rin gbingbin ń sọ pé iná ò dé ibẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni ò ṣiṣẹ́, kí wọ́n pààrọ̀ coil ẹ̀ pẹ̀lú ti ẹnìkejì ẹ̀. Tí àrùn bá tẹ̀ lé coil lọ, wọ́n ti mú olè. Àwọn tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà láti 1996 ní ibi tí wọ́n ti ń ka kóòdù: P0302, ẹsẹ̀ kejì ló ń tàsé.

Àṣírí tó wá burú jù ni ti thermostat. Àwọn mẹkáníìkì kan máa ń yọ ọ́ jù nù, wọ́n ní ilẹ̀ wa gbóná jù. Ẹńjìnnì ò wá ní tètè gbóná mọ́, sẹ́ńsọ̀ á máa ní òtútù ń mú, mọ́tò á máa mu epo bí ẹja, pílọ́ọ̀gì á dú, ìdájí ọjọ́ kejì á sì di ìjà. Kóòdù P0128 sábà máa ń tú irú àṣírí yìí. Eruku ọyẹ́ tó ń ti Sàhárà wá náà ń dí fílítà afẹ́fẹ́. Kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Èyí tí kò ṣeé fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ni mọ́tò tó ń gbọ̀n láàárọ̀, tí omi ẹ̀ ń dín kù láìjò sílẹ̀, tí èéfín funfun ò sì tán bó ti wù kó gbóná tó. Gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹńjìnnì ni kí wọ́n fura sí, kí wọ́n má sì gbé e rìnnà jíjìn.

Kí ẹnikẹ́ni má fi kọ́kọ́rọ́ yí i ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ lẹ́ẹ̀kan. Kí wọ́n má sì tan mọ́tò sínú gáréèjì tí wọ́n tì pa nítorí pé wọ́n fẹ́ kó gbóná. Bí èéfín jẹnẹrétọ̀ ṣe ń pààyàn, bẹ́ẹ̀ náà ni tiẹ̀.

Ohun tó sì dáa jù fún ẹni tí àrùn yìí ń ṣe ni kó gbé mọ́tò náà sùn sọ́dọ̀ mẹkáníìkì mọ́jú, kí wọ́n jọ sitáàtì ẹ̀ nídàájí, nígbà tí òtútù ṣì wà lára ẹ̀. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹni tó bá dúró wo mọ́tò láàárọ̀ ọyẹ́ ló lè sọ orúkọ àrùn ẹ̀.