Kíkọ́ Àwọn Ọ̀dọ́langba ní Ọpẹ́ Dídá Lákòókò Ọdún

Bí ọdún bá ti ń sún mọ́lé ní Òṣogbo àti ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ẹjọ́ kan náà ni ọ̀pọ̀ òbí máa ń rò. Bàbá ti yá owó kí ó tó ra aṣọ, ìyá ti ná èrè ọjà rẹ̀ sórí bàtà, ṣùgbọ́n ọ̀dọ́langba tí wọ́n ṣe gbogbo rẹ̀ fún fajú ro, ó ní aṣọ ẹgbẹ́ òun dára ju tòun lọ. Èyí tí ó ti Èkó bá àwọn òbí rẹ̀ wá sí Iléṣà fún Ìwúde nínú oṣù Dìsẹ́ńbà a máa ráhùn pé iná mànàmáná kò dúró, pé kò sí ohun tí ojú ń wò. Inú a bí àwọn àgbà, wọn a sì pè é ní aláìmoore. Orúkọ burúkú ni. Bí ó bá sì pẹ́ létí ọmọ, a máa mọ́ ọn lára.

Kí a tó dá ọmọ náà lẹ́bi, ó yẹ kí a bèèrè iṣẹ́ tí a fi lé e lọ́wọ́ nínú ọdún náà. Ní ọ̀pọ̀ ilé, kò sí. Jíjẹ, mímu àti aṣọ wíwọ̀ nìkan ni tirẹ̀. Ẹni tí a ń fún nígbà gbogbo, tí òun kò bá wọn gbé nǹkan fún ẹnikẹ́ni rí, báwo ni yóò ṣe mọ bí oore ti wúwo tó?

Àwọn ará Òṣogbo ìgbàanì kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Ọdún Ọ̀ṣun, tí wọ́n ń ṣe nínú oṣù Ògọ́ọ̀sì, jẹ́ ọdún májẹ̀mú àti ọpẹ́. Ìtàn sọ pé nígbà tí Láróòyè àti Tìmẹ́hìn ọdẹ tẹ̀dó sí ẹ̀bá odò, Ọ̀ṣun ṣe ìlérí ààbò fún wọn, ẹja sì fò bọ́ sí ọwọ́ tí ọba tẹ́. Láti ibẹ̀ ni oyè Atáọ́ja ti wá, èyíinì ni ẹni tí ó tẹ́wọ́ gba ẹja. Ẹni tí ó tẹ́wọ́ gbà kò gbọdọ̀ má padà wá dúpẹ́. Ta ni ó sì ń ru ọpẹ́ náà? Kì í ṣe ọba, kì í ṣe ìjòyè. Wúńdíá ilé ọba kan ni, Arugbá, ni ó ń ru igbá gbogbo ìlú láti ààfin lọ sí igbó Ọ̀ṣun, èyí tí àjọ UNESCO kọ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní 2005. Kò gbọdọ̀ kọsẹ̀. Bí ó ti ń kọjá ni àwọn èrò ń gbàdúrà lọ́tùn-ún lósì. Orí ọmọdébìnrin ni odindi ìlú gbé ọpẹ́ rẹ̀ lé.

Ọ̀rọ̀ kò yàtọ̀ ní Iléṣà. Ìtàn Ìjẹ̀ṣà sọ pé nígbà tí ojú Odùduwà ṣókùnkùn, omi òkun ni wọ́n ní yóò wò ó, Ajíbógun ọmọ rẹ̀ ni ó sì lọ bù ú wá. Ìdí nìyí tí a fi ń pe ọba wọn ní Ọwá Obòkun. Ọmọ tí ó jẹ́ iṣẹ́ ni oyè náà ń rántí.

Gbogbo ilé kọ́ ni ó ń lọ sí odò Ọ̀ṣun, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n Mùsùlùmí ń pín ẹran Iléyá, Onígbàgbọ́ ń gbé ìrẹsì Kérésìmesì kiri àdúgbò. Ọ̀dọ́langba gan-an ni kí a gbé àwo náà lé lọ́wọ́, kì í ṣe ọmọ ọdún méje nìkan. Kí ó gbé e dé ọ̀dọ̀ ìyá arúgbó tí kò sí ẹni tí ó bẹ̀ ẹ́ wò. Bí ìyá náà bá kúnlẹ̀ àdúrà fún un, tí ó ní, “Ẹ kú ìnáwó o, ẹ ó ṣe ọ̀pọ̀ ọdún láyé,” ọmọ náà yóò gbọ́ bí ọpẹ́ ti ń dùn létí ẹni tí a dá a fún. Ìwàásù kò lè kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ti òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, yóò rí òmíràn gbà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìwòyí rò pé bí àwọn bá ti sọ pé “ẹ ṣé” lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Nílẹ̀ Yorùbá, kò tíì parí títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Ní Amẹ́ríkà, Jeffrey Froh àti àwọn ọ̀mọ̀wé méjì mìíràn tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde ní 2008, lórí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ 221 tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bàlágà. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn kan ń kọ ohun tí wọ́n dúpẹ́ fún sílẹ̀ lójoojúmọ́, àwọn mìíràn ń kọ ohun tí ó ń bí wọn nínú. Àwọn tí ó kọ ọpẹ́ fi ojú rere wo ayé wọn ju àwọn kejì lọ, ilé-ẹ̀kọ́ sì tẹ́ wọn lọ́rùn jù. Ìwé àjákọ kan tó fún òbí tí ó bá fẹ́ dán an wò.

Ṣùgbọ́n kí òbí má fi ọpẹ́ pa ọmọ lẹ́nu mọ́. Bí owó ilé-ẹ̀kọ́ kò bá tíì san, tí ọmọ sì ń bẹ̀rù oṣù tí ń bọ̀, kí a jẹ́ kí ó sọ ọ́, kí a sì dá a lóhùn. Ó yẹ kí bàbá pàápàá kí ọmọ náà pé ó kú iṣẹ́ ọdún, nítorí ọmọ tí a kò kí rí kì í mọ bí a ti ń kíni. Bí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n rán an sí aránṣọ tí ó fi òru méjì jókòó ti aṣọ tí ó ń fajú ro sí, kí ó lọ sọ fún un pé, “Ẹ ṣeun àná, mà.”