ÌBỌN ABẸ́ ÌJÓKÒÓ MỌ́TÒ: TA NI YÓÒ ṢẸ̀WỌ̀N RẸ̀?

Ìyálọ́jà tó bá ń kó gàrí tàbí àgbàdo láti Ìrẹ̀sà Adú àti Ìrẹ̀sà Apá lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ mọ bí àyà ṣe ń já nígbà tí ọkọ̀ bá kọṣẹ́ lọ́nà oko, tí ilẹ̀ sì ń ṣú lọ. Àwọn ajínigbé ṣọṣẹ́ lágbègbè Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dún 2022, ẹ̀rù náà kò sì tíì kúrò lára àwọn èèyàn. Ibẹ̀ ni àwọn kan ti ń ki ìbọn bọ abẹ́ ìjókòó píkọ́ọ̀pù. Wọ́n á ní, "Ṣebí ṣakabùlà lásán ni! Ìbọn bàbá wa ni!"

Ha! Lójú òfin Nàìjíríà, kò sí ìbọn tó ń jẹ́ "lásán" o.

OríṢI ÌBỌN MẸ́TA

Òfin ìbọn ti wà láti ọdún 1959, ó sì ń ṣiṣẹ́ títí dòní. Ó pín ìbọn sí mẹ́ta. Èkíní ni èyí tó jẹ́ èèwọ̀ fún aráàlú: ìbọn arọ̀jò-ọta, ìbọn ológun àti ìbọn ìléwọ́. Ààrẹ orílẹ̀-èdè nìkan ló lè fúnni láṣẹ lórí rẹ̀. Èkejì ni ìbọn ọdẹ tó ń lo katiríìjì. Ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá pátápátá ló ni ìwé tirẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ṣakabùlà tí wọ́n ń ki ètù sí lẹ́nu. Òun náà gbọ́dọ̀ níwèé!

Kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tó bá béèrè ni wọ́n ń fún. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17, ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, ọ̀mùtí, àti ẹni tí kóòtù ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún 5 sẹ́yìn, òfin kò fẹ́ kí wọ́n fún wọn.

Ẹ̀WỌ̀N ỌDÚN MẸ́WÀÁ

Òfin olè àti ìbọn tí ìjọba ológun ṣe ní 1984 ló wá ki ata bọ ọ̀rọ̀ náà. Ó ní ẹni tí ìbọn bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí ní ìkáwọ́ rẹ̀ láìbófin mu, kóòtù lè ní kó san Náírà 20,000, ó lè jù ú sẹ́wọ̀n tí kò ní dín ní ọdún 10, ó sì lè fún un ní méjèèjì. Kò dìgbà tó bá yìn ín. Kò dìgbà tó bá fi jalè. Kí wọ́n ṣáà ti bá a lọ́wọ́ rẹ̀ ti tó. Ẹ̀wọ̀n ọdún 10! Ọmọ tó wà ní jẹ́lé-ó-sinmi á ti wọ girama kí bàbá rẹ̀ tó padà wálé.

DÉRÉBÀ, ṢỌ́RA!

Ọ̀rọ̀ tó wà nínú òfin yẹn, "ní ìkáwọ́ rẹ̀", òun ló ń kó dérébà àti ọmọọṣẹ́ sí wàhálà. Ká ní olóko kan gbàwé ìbọn rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ó gbé ìbọn sí píkọ́ọ̀pù, ó ní kí dérébà kó iṣu lọ sí Ọ̀yọ́, òun sùn sílé. Ọlọ́pàá dá ọkọ̀ dúró, wọ́n yẹ abẹ́ ìjókòó wò. Orúkọ ọ̀gá ló wà lára ìwé, ọ̀dọ̀ dérébà ni ìbọn wà. Kí ọ̀gá tó sáré dé láti wá ṣàlàyé, dérébà ti lè wà látìmọ́lé, iṣu oníṣu sì lè máa rà ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ìwé ìbọn kì í ṣe pátíkúlà mọ́tò tó ń bá ọkọ̀ kiri. Orúkọ èèyàn ló wà lára rẹ̀.

Àwọn kan á ní, "Ajínigbé kì í gbàwé, kí ló dé tí àwa ó fi gbà á?" Ìbéèrè náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú títì lóru, kí ni ọlọ́pàá máa fi mọ olóko yàtọ̀ sí adigunjalè bí kò ṣe ìwé?

GÁÀDÌ SÁÌTÌ ŃKỌ́?

Ẹ̀yin bíríkìlà àti kọngílá tí ẹ ń gba gáàdì láti ṣọ́ sìmẹ́ǹtì àti irin, ẹ gbọ́ o. Òfin iléeṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ aládàáni ti 1986 sọ pé òṣìṣẹ́ wọn kò gbọdọ̀ gbé ìbọn lẹ́nu iṣẹ́, irú ìbọn yòówù kó jẹ́. Tọ́ọ̀ṣì, fèrè àti kóńdó ló kù sí wọn lọ́wọ́. Amọ̀tẹ́kùn, tí wọ́n ṣí n'Íbàdàn ní January 9, 2020, ní òfin ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tó gbé e ró. Òfin yẹn kò bo ẹni tí kì í ṣe ọmọ Amọ̀tẹ́kùn. Wíwà nínú ẹgbẹ́ ọdẹ nìkan kì í sì í ṣe ìwé àṣẹ. Ẹ̀yin alágbẹ̀dẹ náà, rírọ ìbọn láìgbàṣẹ ìjọba, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni.

Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ tó ti Amẹ́ríkà dé tan yín. Òótọ́ ni pé ní Florida, òfin 2008 gba ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ láàyè láti fi ìbọn sínú mọ́tò tí wọ́n tì pa níbi ìgbọ́kọ̀sí iléeṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n ní tiwọn, ẹ̀tọ́ ni ìbọn níní. Ní Nàìjíríà, àṣẹ ni wọ́n ń tọrọ.

KÍ NI ṢÍṢE?

Ẹni tó bá ní ìbọn bàbá rẹ̀ nílé, kó lọ béèrè ọ̀nà ìwé ní àgọ́ ọlọ́pàá kó tó gbé e jáde rárá. Ẹni tó níwèé, kó má fi ìbọn rán dérébà, kó má sì fi sílẹ̀ ní sáìtì fún lébìrà. Bí ọlọ́pàá bá múni, òfin ìlú ti 1999 fúnni lẹ́tọ̀ọ́ láti dákẹ́ títí èèyàn yóò fi rí lọ́yà rẹ̀.

Àwọn àgbà ní, àti ìbọn tó ní apátí, àti èyí tí kò ní, kò sẹ́ni tí yóò gbà kí wọ́n kọ ọ́ sóun. Ìyálọ́jà tó bá fẹ́ háyà ọkọ̀, kó tó di ẹrù, kó kọ́kọ́ bi dérébà léèrè pé: "Bàbá Sikirá, kí ló wà lábẹ́ ìjókòó yẹn?"