Fọ́tò Tí Kò Ní Orúkọ

Ẹ jẹ́ kí n fi àpótí kan bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí.

Nígbà tí bàbá wa kú, àwa ọmọ rẹ̀ jókòó yí àpótí onígi kan ká. Inú rẹ̀ ni bàbá máa ń kó fọ́tò rẹ̀ sí. A rí fọ́tò ìgbéyàwó, a rí ti ìkómọ, a rí ti ọdún Kérésì àti ti Iléyá. A ń rẹ́rìn-ín, a ń sọ pé, "Wò ó, ìwọ nìyí! Wo etí rẹ!" Nígbà tí ó yá, ẹ̀gbọ́n wa obìnrin fa fọ́tò kan yọ láti ìsàlẹ̀ àpótí. Ènìyàn méje ló wà nínú rẹ̀. Bàbá wa wà láàárín wọn. Ọmọdé ni nígbà náà. Ó gbé ọwọ́ lé eékún obìnrin kan tí ó jókòó. Obìnrin náà wé gèlè, ó sì tẹjú mọ́ wa.

"Ta nìyí?"

Ẹnìkan ní ìyá bàbá wa ni. Ẹlòmíràn ní rárá o, ìyáálé rẹ̀ ni. A yí fọ́tò náà padà. Ẹ̀yìn rẹ̀ funfun báláú. Kò sí orúkọ, kò sí ọdún, kò sí ìlú. Ẹni kan ṣoṣo tí ì bá sọ ọ́ fún wa ni àbúrò bàbá wa obìnrin, òun náà sì ti kú ní ọdún méjì ṣáájú. Títí di òní yìí, a kò mọ̀ bóyá ìyá àgbà wa gan-an ni a ń wò, àbí ẹlòmíràn.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ra kámẹ́rà. Èmi kì í ṣe onífọ́tò tí ń fi iṣẹ́ náà jẹun. Mo kàn ń ya ohun tí ojú mi bá rí ní àdúgbò ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ti kọ́ níbẹ̀ fún yín.

Kí ni kámẹ́rà ń ṣe?

Àwọn kan rò pé awo ni fọ́tò. Kì í ṣe awo rárá. Ìmọ́lẹ̀ ni. Ẹ lè dán an wò nínú ilé yín.

Ní ọjọ́ tí oòrùn bá mú gan-an, ẹ wọ yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí òde. Ẹ ti ilẹ̀kùn. Ẹ fi páálí àti aṣọ dúdú dí gbogbo ibi tí ìmọ́lẹ̀ lè gbà wọlé. Lẹ́yìn náà, ẹ dá ihò kékeré kan sí ara páálí ojú fèrèsé. Kí ihò náà má ju orí ìka ọmọdé lọ. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ títí òkùnkùn yóò fi mọ́ yín lójú. Ẹ wá wo ògiri tí ó kọjú sí ihò náà. Ẹ ó rí òde lára rẹ̀: igi, ilé, àti ẹni tí ń kọjá lọ. Ṣùgbọ́n ẹ ó rí wọn ní ìdoríkodò, ẹsẹ̀ lókè, orí nísàlẹ̀.

Kí ló fà á? Tààrà ni ìmọ́lẹ̀ máa ń rìn. Èyí tí ó ti òkè wá gba inú ihò náà lọ sí ìsàlẹ̀ ògiri. Èyí tí ó ti ilẹ̀ wá gba inú rẹ̀ lọ sí òkè. Irú yàrá bẹ́ẹ̀ ni kámẹ́rà, àfi pé ó kéré. Dígí kan wà ní ojú ihò rẹ̀ tí ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ, kí àwòrán má baà ṣe bàìbàì.

Ṣùgbọ́n àwòrán ara ògiri kì í dúró. Bí ẹ bá ṣí fèrèsé, ó ti lọ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ọlọ́gbọ́n fi wá bí wọn yóò ṣe mú un dúró. Ní ọdún 1839, wọ́n kéde ní ìlú Paris ọ̀nà tí ará Faransé kan tí ń jẹ́ Daguerre gbà ṣe é. Fàdákà ni àṣírí rẹ̀. Oògùn kan wà tí wọ́n ń fi fàdákà ṣe. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án, a yí padà. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ ló wà lára fíìmù àti lára bébà fọ́tò. Ìdí nìyẹn tí onífọ́tò ayé àtijọ́ fi ń wọ yàrá òkùnkùn lọ fọ fọ́tò. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kan fíìmù kí ó tó fọ̀ ọ́ tán, iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn.

Fóònù òde òní kò ní fíìmù. Ẹ̀rọ kékeré kan ló wà nínú rẹ̀ tí ń gba ìmọ́lẹ̀ náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni: ihò, dígí, ìmọ́lẹ̀.

Ẹni tí ó ń ya irun

Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn olówó àti àwọn oníṣẹ́ fọ́tò ló ń ní kámẹ́rà. Ní ọdún 1900, ilé-iṣẹ́ Kodak ní Amẹ́ríkà gbé kámẹ́rà kékeré kan jáde tí wọ́n pè ní Brownie. Páálí ni wọ́n fi ṣe é. Dọ́là kan péré ni wọ́n ń tà á. Báyìí ni ẹni tí kì í ṣe onífọ́tò náà bẹ̀rẹ̀ sí í ya ilé rẹ̀, ọmọ rẹ̀ àti àdúgbò rẹ̀.

Ní ọdún 1950, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Nàìjíríà ra ọ̀kan nínú irú kámẹ́rà yìí. J. D. 'Okhai Ojeikere ni orúkọ rẹ̀. Ẹni ogún ọdún ni. Aládùúgbò rẹ̀ kan ló kọ́ ọ bí a ṣe ń lò ó. Ní ọdún 1954, ó rí iṣẹ́ yàrá òkùnkùn ní Ìbàdàn, ní ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí ìròyìn. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ bí eré ṣe di iṣẹ́.

Ní ọdún 1968, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun orí àwọn obìnrin. Ṣé ẹ gbọ́? Irun dídì! Ó ń yà á ní òpópónà, ní ibi iṣẹ́, ní òde ìnáwó. Ẹ̀yìn orí ló sábà máa ń yà, kí a lè rí iṣẹ́ ọwọ́ onídìrí dáadáa. Irun tí ó yà tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan. Ó kú ní ọdún 2014, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ti wo àwọn fọ́tò náà ní Paris àti ní Venice.

Kí ló wà nínú irun tí wọ́n fi ń lọ wò ó? Ẹ rò ó wò. Onídìrí a jókòó, a dì í, ìka a máa ro ó. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, wọn a tú u. Bí ẹnikẹ́ni kò bá yà á, ó lọ nìyẹn.

Àwọn baba wa kò fi fọ́tò ṣeré

Ní ọdún 1975, ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, wo iṣẹ́ àwọn onífọ́tò ní Ìlá Ọ̀ràngún. Ó rí i pé bí àgbà bá fẹ́ ya fọ́tò, a wọ aṣọ ńlá, a jókòó, a kọjú sí kámẹ́rà tààrà, a gbé ọwọ́ lé itan. Láti orí dé ẹsẹ̀ ni ó fẹ́ kí a rí òun. Àwa náà mọ irú fọ́tò bẹ́ẹ̀. Òun ló wà lára ògiri pálọ̀ ilé bàbá wa.

Ó rí ọ̀ràn ìbejì pẹ̀lú. Láyé àtijọ́, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, wọn a gbẹ́ ère fún un. Ní Ìlá nígbà náà, àwọn kan ti ń fi fọ́tò rọ́pò ère. Bí Táíwò bá kú kí wọ́n tó ya àwọn méjèèjì, onífọ́tò a ya Kẹ́hìndé nìkan, a sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan náà, kí ó dà bí ẹni pé àwọn méjèèjì jókòó pọ̀. Bí ọ̀kan bá jẹ́ ọkùnrin tí èkejì jẹ́ obìnrin ńkọ́? Wọn a wọ aṣọ ọkùnrin fún èyí tí ó kù, wọn a yà á. Wọn a tún wọ aṣọ obìnrin fún un, wọn a tún yà á. Ẹ ò rí i pé wọn kò fẹ́ kí ẹni tí ó lọ di ẹni ìgbàgbé.

Ohun tí a kì í yà

Ẹ jẹ́ kí á padà sí àpótí bàbá wa. Mo ka fọ́tò inú rẹ̀, wọ́n jẹ́ 64. Aṣọ ìnáwó ló wà lára gbogbo ènìyàn. Télọ̀ ni bàbá wa. Ọgbọ̀n ọdún ló fi jókòó nídìí máṣíìnì rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí fọ́tò kan tí a ti rí i níbẹ̀. Gàrí ni ìyá wa yan tí ó fi tọ́ wa. Kò sí fọ́tò kan tí a ti rí agbada gàrí náà.

Bí a ṣe ń ṣe nìyẹn. Ọjọ́ ọdún là ń yà, a kì í ya ọjọ́ iṣẹ́. A rò pé ohun tí a ń rí lójoojúmọ́ kò ní tán. Ó ń tán o! Ta ló tún ń wọ bọ́lẹ́kájà? Sílétì tí à ń gbé lọ sílé-ìwé dà? Áyọ́ọ̀nù eléèédú ńkọ́? Bí ọmọ bá bi yín pé báwo ni wọ́n ṣe rí, kí lẹ ó fi hàn án?

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn aláró ní Abẹ́òkúta. Àdìrẹ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Wọ́n ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ sára aṣọ funfun, kí aró má baà mú ibi tí ẹ̀kọ wà. Ìyá àgbàlagbà kan wà nídìí ìkòkò aró. Ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgbọ̀nwọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ yà yín ní fọ́tò."

"Fọ́tò kẹ̀? Pẹ̀lú ọwọ́ yìí? Dúró kí n lọ wẹ̀ ná, kí n wé gèlè."

"Ọwọ́ yẹn gan-an ni mo ń wá, Màmá."

Ó rẹ́rìn-ín. "Kí lo fẹ́ fi ọwọ́ dúdú ṣe, ọmọ yìí?"

Mo ní, "Màmá, ṣé kì í ṣe òun lẹ fi rán àwọn ọmọ yín nílé-ìwé? Kí àwọn ọmọ-ọmọ yín náà rí i."

Kò sọ nǹkan kan mọ́. Ó ki ọwọ́ bọ inú ìkòkò, ó fa aṣọ náà sókè, mo yà á.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo mú fọ́tò náà lọ fún un. Ó wò ó títí. Mo mú lẹ́ẹ̀dì jáde, mo fẹ́ bá a kọ orúkọ rẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí mi. "Mú un wá. Mo ti ń lọ sí kíláàsì àwọn àgbà." Ó fi fọ́tò lé orí àpótí, ó tẹ̀ba, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Ó pẹ́ díẹ̀. Àwọn lẹ́tà náà tóbi, wọn kò sì dọ́gba, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò ní lè kà wọ́n. Aró díẹ̀ ta sí etí bébà náà láti ọwọ́ rẹ̀. N kò nù ún kúrò.

Bí ẹ ṣe lè ṣe é

1. Ẹ kọ́kọ́ tọrọ ààyè. Bí ẹni náà bá ní òun kò fẹ́, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ má ya ẹni tí ń sunkún tàbí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá láìjẹ́ pé ó gbà.

2. Ẹ jẹ́ kí oòrùn wà lẹ́yìn yín. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ló dára jù. Ní ọ̀sán gangan, ihò ojú ènìyàn a máa ṣókùnkùn.

3. Ẹ sún mọ́ ohun tí ẹ ń yà. Fọ́tò tí a yà láti òkèèrè, ọ̀run àti ilẹ̀ ló ń pọ̀ níbẹ̀.

4. Bí ẹ bá ṣèlérí pé ẹ ó mú fọ́tò wá, ẹ mú un wá.

5. Bí ẹ bá fi fóònù yà á, ẹ tẹ àwọn tí ó ṣe pàtàkì sórí bébà. Fóònù ń sọnù, ó sì ń bàjẹ́.

6. Ẹ kó fọ́tò sí ibi tí ó gbẹ, tí oòrùn kì í dé. Ẹ má fi ìka kan ojú rẹ̀. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́.

7. Ẹ fi lẹ́ẹ̀dì kọ̀wé sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ rọra kọ ọ́. Yíǹkì lè là á já sí ojú fọ́tò. Ẹ kọ nǹkan márùn-ún yìí: Ta ni? Níbo ni? Ọdún wo ni? Kí ni wọ́n ń ṣe? Ta ló yà á?

Àwọn àgbà ní, orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Fàdákà ti wà nínú fọ́tò àtijọ́ ilé yín. Orúkọ ló kù, ẹ̀yin náà sì ti mọ bí a ṣe ń kọ orúkọ báyìí. Ẹ gbé àpótí yín jáde ní ọjọ́ ìsinmi tí ń bọ̀. Ẹ gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó dàgbà jù nínú ẹbí. Ẹ bi í léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì máa kọ ọ́ bí ó ṣe ń sọ ọ́. Àwa pẹ́ jù.

Ìbéèrè

1. Kí ni kò sí lẹ́yìn fọ́tò tí wọ́n rí nínú àpótí?
2. Kí ló dé tí àwòrán ara ògiri fi doríkodò?
3. Kí ni àwọn kan ní Ìlá ń fi fọ́tò rọ́pò?
4. Iṣẹ́ wo ni ẹ̀ ń ṣe lójoojúmọ́ tí ẹ fẹ́ kí àwọn ọmọ yín rí nínú fọ́tò? Ẹ kọ gbólóhùn mẹ́ta nípa rẹ̀.