Kọ́kọ́rọ́ Tí Kì í Kúrò Nílé

Olè ló fà á. Ní ọdún 1995, ẹnì kan dẹ tàkúté sójú ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà láàárín àwọn kọ̀ǹpútà Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Helsinki, ní Finland. Bí ènìyàn bá ti tẹ páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀, tàkúté á mú un. Iṣẹ́ náà kò le fún olè, nítorí pé Telnet, tí wọ́n ti ń fi wọ kọ̀ǹpútà ọ̀nà jíjìn láti 1969, kì í bo páásíwọ́ọ̀dù rárá. Ṣe ló dà bí ẹni tó kó owó sí àtẹ́lẹwọ́, tó ń rìn kọjá láàárín ọjà.

Tatu Ylönen, olùwádìí ní yunifásítì náà, jókòó ó kọ SSH, ètò tó ń bo ọ̀rọ̀ tó ń lọ láàárín kọ̀ǹpútà méjì. Oṣù Keje ọdún yẹn ló gbé e jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ọdún tó parí, àwọn bí 20,000 ní orílẹ̀-èdè 50 ti ń lò ó. Ó tọrọ nọ́ńbà 22 fún ẹnu ọ̀nà rẹ̀, torí FTP, tí wọ́n fi ń kó fáìlì, ló ni 21, Telnet ló ni 23, àárín wọn sì ṣófo. Ní oṣù Kejìlá 1999 ni àwọn tó ń kọ OpenBSD, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, gbé OpenSSH, irú SSH tiwọn, jáde. Òun ló wà nínú Linux, nínú Mac, àti nínú Windows 10 láti 2018.

Àwọn baba wa mọ bí a ṣe ń rán ènìyàn ní iṣẹ́ tí kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Owó ẹyọ mẹ́fà nínú àrokò ń sọ pé ọkàn ẹni tó rán an fà sí ẹni tó gbà á. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ti ní láti mọ ìtumọ̀ rẹ̀ ṣáájú. Ní 1976, Whitfield Diffie àti Martin Hellman fi ìṣirò hàn pé ẹni méjì tí kò pàdé rí lè sọ̀rọ̀ ní gbangba, kí gbogbo ayé máa gbọ́, síbẹ̀ kí wọ́n dá àṣírí tí ẹlòmíràn kò ní mọ̀. Irú ọ̀nà yìí ni SSH òde òní fi ń dá àṣírí tó fi ń bo ọ̀rọ̀. Ìyanu gidi ni.

Kọ̀ǹpútà tí à ń fi SSH wọ̀ lókèèrè sábà máa ń jẹ́ èyí tí kò ní ara tirẹ̀: ẹ̀rọ ńlá kan ni wọ́n pín bí ilé ayálégbé, oníkálùkù pẹ̀lú yàrá àti ilẹ̀kùn tirẹ̀. Ilẹ̀ Áfíríkà lọ́wọ́ nínú rẹ̀, nítorí Cape Town ni Chris Pinkham àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ EC2, tí Amazon fi ń yá irú yàrá bẹ́ẹ̀ fúnni láti oṣù Kẹjọ 2006. Ọmọ Ilé-Olújì ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, Funke Opeke, ló sì dá ilé iṣẹ́ MainOne sílẹ̀, tí okùn abẹ́ òkun rẹ̀ gùn tó 7,000 kìlómítà láti Portugal dé Èkó, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2010.

Nítorí náà, ẹni tó bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní ìlú Ute lè ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tó wà ní Cape Town tàbí London. Á kọ́kọ́ tẹ ssh-keygen, fáìlì méjì á sì jáde. Ọ̀kan dà bí àgádágodo: òun ni yóò fi ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ òkèèrè. Èkejì ni kọ́kọ́rọ́, ilé ló ń gbé. Kò gbọdọ̀ gba WhatsApp lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ ọ̀rẹ́ tó fẹ́ bá a tún nǹkan ṣe. Bí wọ́n bá mú iná lójijì, ẹ̀rọ òkèèrè kò mọ̀. Ẹni tó bá ti ṣí tmux, ètò tó ń pa iṣẹ́ mọ́ lórí ẹ̀rọ náà, síbẹ̀ á bá iṣẹ́ rẹ̀ níbi tó fi í sí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kù díẹ̀ káàtó ni ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá fẹ́ wọ ẹ̀rọ òkèèrè kan. SSH á gbé àmì ìdánimọ̀ ẹ̀rọ náà jáde, á béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó bóyá ó fẹ́ tẹ̀ síwájú, ọwọ́ á sì yá láti tẹ «yes». Àmì yẹn nìkan ló lè fi hàn pé kì í ṣe ẹlòmíràn ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn kan lára ilé iṣẹ́ tó ń yáni ní ẹ̀rọ máa ń fi àmì kan náà hàn lójú ìwé oníbàárà. Kí ó gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ó kà wọ́n dé òpin, kí ó tó tẹ̀ ẹ́.