Cyprus: Kí ló dé tí erékùṣù kan fi ní ìjọba méjì?

Òbí tó bá ń wá yunifásítì tí owó rẹ̀ kò ní ga jù fún ọmọ lókè òkun yóò ti gbọ́ orúkọ Cyprus lẹ́nu àwọn agẹ́ǹtì. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ló ti gba ibẹ̀ lọ. Àmọ́ Cyprus tó wà nínú àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù, EU, tó ń ná owó yúrò, kọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń bá ara wọn. Apá àríwá ni wọ́n ń balẹ̀ sí, níbi tí wọ́n ti ń ná líírà Tọ́kì. Nínú gbogbo orílẹ̀-èdè àgbáyé, Tọ́kì nìkan ló gbà pé ìjọba tó wà níbẹ̀ dá dúró.

Kì í ṣe ìkórìíra láàrin ẹ̀yà méjì nìkan ló bí ọ̀rọ̀ yìí. Ibi tí erékùṣù náà wà ló kọ́kọ́ kó o sí wàhálà, ìwé òmìnira tí wọ́n kọ fún un ló wá dá kún un.

Níbo gan-an ni Cyprus wà?

Ìlà oòrùn Òkun Mẹditaréníà ni. Yàtọ̀ sí Sicily àti Sardinia, kò sí erékùṣù tó tóbi tó o nínú òkun náà. Ilẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó 9,251 km². Tọ́kì ló sún mọ́ ọn jù, kò ju nǹkan bíi kìlómítà 70 lọ, bẹ́ẹ̀ Athens, olú ìlú Gíríìsì, lé ní kìlómítà 800 sí i. Síríà àti Lẹ́bánónì wà nítòsí rẹ̀ ní ìlà oòrùn, Íjíbítì wà ní gúúsù. Ẹni tó bá di Cyprus mú ń wo ọ̀nà gbogbo ọkọ̀ ojú omi agbègbè náà.

Láàrin erékùṣù náà ni òkè Troodos wà. Ṣóńṣó rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Olympus, ga tó mítà 1,952, yìnyín sì máa ń bò ó nígbà òtútù. Ìsàlẹ̀ agbami òkun ni àpáta òkè yìí wà ní nǹkan bí àádọ́rùn-ún mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, kí agbára abẹ́ ilẹ̀ tó tì í jáde. Bàbà pọ̀ nínú rẹ̀. Ó ti lé ní ẹgbàajì ọdún tí wọ́n ti ń wà á, bàbà yìí ló sì fa ojú àwọn ọba ilẹ̀ òkèèrè wá síbẹ̀.

Àwọn wo ló ti jọba níbẹ̀?

Ní Choirokoitia, àwọn àgbẹ̀ ti ń gbé nínú ilé olókùúta roboto ní nǹkan bí 9,000 ọdún sẹ́yìn. Abẹ́ ilẹ̀ yàrá ni wọ́n ń sin òkú wọn sí, gẹ́gẹ́ bí àwọn bàbá ńlá tiwa náà ṣe máa ń sin àgbà sínú ilé. Lẹ́yìn wọn ni àwọn tó ń sọ èdè Gíríìkì dé. Àwọn ará Ásíríà, Íjíbítì, Páṣíà àti Róòmù sì jọba lé wọn lórí lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní 1191, Richard, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba erékùṣù náà nígbà tó ń lọ sógun Jerúsálẹ́mù, ó sì tà á. Ọwọ́ ìdílé Lusignan láti ilẹ̀ Faransé ló bọ́ sí, wọ́n sì lò ó fún nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún. Àwọn ará Venice gbà á ní 1489, ìjọba Ottoman ti Tọ́kì sì já a gbà ní 1571.

Ẹni tó bá fẹ́ fojú rí ìtàn yìí, kó lọ sí ìlú Famagusta. Ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Saint Nicholas, tí àwọn Lusignan kọ́ bíi ti ilẹ̀ Faransé, ṣì dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ilé ìṣọ́ rẹ̀ méjèèjì. Àmọ́ òpó ìpè àdúrà kékeré kan ti wà lórí ọ̀kan nínú wọn. Mọ́ṣáláṣí ni láti 1571. Wọ́n ti fi ọ̀dà funfun kun ògiri inú rẹ̀, àwọn tó ń kírun sì ń kọjú sí Mẹ́kà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìhà ibòmíràn ni wọ́n kọ́ ilé náà kọjú sí.

Kí ló gé e sí méjì?

Ìlú Gẹ̀ẹ́sì gba àkóso rẹ̀ ní 1878. Ní 1955, ẹgbẹ́ EOKA ti àwọn tó ń sọ èdè Gíríìkì gbé ìbọn sí i. Òmìnira kọ́ ni wọ́n ń jà fún, kí Cyprus di ara Gíríìsì ni. Àwọn tó ń sọ èdè Tọ́kì, tí wọn kò tó ìdá márùn-ún kan nínú àwọn ará ìlú, kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n kúkú pín ilẹ̀ náà.

Òmìnira ló wá dé ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ 1960, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú ti Nàìjíríà. Ìwé òfin tuntun náà sọ pé Gíríìkì ni ààrẹ, ọmọ Tọ́kì ni igbákejì, ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn sì lè fi ọwọ́ rọ́ àwọn òfin kan sẹ́yìn. Nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ ìjọba, 70 jẹ́ ti Gíríìkì, 30 jẹ́ ti ọmọ Tọ́kì. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, Gíríìsì àti Tọ́kì ni onídùúró, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ láti dá sí i. Báyìí ni wọ́n ṣe fi ẹ̀yà ṣe òpó ilé, tí wọ́n tún fún àwọn ará ìta mẹ́ta ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Kò pé ọdún mẹ́rin tó fi wó. Ní oṣù Kọkànlá 1963, Ààrẹ Makarios, tó tún jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù àgbà, ní òun fẹ́ ṣe àtúnṣe mẹ́tàlá sí ìwé òfin. Nígbà tí oṣù Kejìlá máa fi parí, ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn. Ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì kan, Peter Young, mú pẹ́ńsù aláwọ̀ ewé, ó sì fa ìlà gba àárín olú ìlú, Nicosia, kọjá lórí máàpù. Àwọn ọmọ ogun Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dé ní 1964. Wọn kò tíì kúrò di òní.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Keje 1974, àwọn ológun tó ń ṣèjọba ní Gíríìsì fi ipá lé Makarios kúrò lórí oyè. Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, ọmọ ogun Tọ́kì gúnlẹ̀. Kí oṣù Kẹjọ tó parí, wọ́n ti gba ìdá mẹ́ta kan àti díẹ̀ lára erékùṣù náà. Ó tó 160,000 Gíríìkì tó sá lọ sí gúúsù; ó lé ní 40,000 ọmọ Tọ́kì tó kó lọ sí àríwá. Ènìyàn 2,002 ni wọ́n kọ sílẹ̀ pé wọ́n sọnù láti 1963 sí 1974, wọ́n sì ṣì ń hú egungun jáde kí ẹbí lè rí òkú wọn sin. Ní 1983, àríwá kéde ara rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè.

Báwo ni wọ́n ṣe ń gbé báyìí?

Ilẹ̀ àárín tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ń ṣọ́ gùn tó kìlómítà 180. Láti 2003 ni àwọn ará ìlú ti lè sọdá. Ní òpópónà Ledra ní Nicosia, èèyàn á fi ìwé hàn nígbà méjì kí ó tó rìn já sí ọjà òdìkejì. Gúúsù ń pe wàràkàṣì wọn ní halloumi, àríwá ń pè é ní hellim, wọ́n sì jọ ń dín in nínú páànù ni.

Ohun tí àwọn olóṣèlú kò rí ṣe, omi ẹ̀gbin ti mú kí àwọn olórí ìlú ṣe é. Lẹ́yìn ogun, Lellos Demetriades ní gúúsù àti Mustafa Akıncı ní àríwá fẹnu kò pé kí ẹ̀gbin ìhà méjèèjì Nicosia gba inú páìpù kan náà. Ó ń ṣiṣẹ́ di òní.

Ṣé wọ́n máa tún di ọ̀kan?

Ní oṣù Kẹrin 2004, wọ́n dìbò lórí ètò ìṣọ̀kan. Nínú ọgọ́rùn-ún, 65 ní àríwá fọwọ́ sí i. 76 ní gúúsù kọ̀ ọ́. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni Cyprus wọ EU, tí àríwá sì wà níta. Ìpàdé ti 2017 ní Switzerland náà forí ṣánpọ́n. Ní oṣù Kẹwàá 2025, àríwá yan Tufan Erhürman ní olórí, ẹni tó fẹ́ ìjọba àpapọ̀ dípò orílẹ̀-èdè méjì. Àmọ́ ọmọ ogun Tọ́kì ṣì wà níbẹ̀, kò sì sí àdéhùn tí yóò dúró láìjẹ́ pé ìjọba Tọ́kì ní Ankara gbà.

Fún òbí ní Ìbàdàn tàbí Èkó, ohun tó yẹ kó yẹ̀ wò rọrùn. Bí ọkọ̀ òfuurufú bá ń lọ sí pápákọ̀ òfuurufú Ercan nípasẹ̀ Tọ́kì, àríwá ni. Físà ibẹ̀ kò ṣí ẹnubodè EU. Ìjọba gúúsù ka wíwọlé gba Ercan sí ohun tí kò bófin mu, Nàìjíríà kò sì ní aṣojú ní àríwá tí yóò sáré dé bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀.